Tọkọtaya Kan àti Ìdì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kan ní Ọjà Ìdànrè

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Yorùbá tí mo fẹ́ràn láti máa fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘ná’. Bí ènìyàn bá yọ owó nínú àpò rẹ̀ tí ó fi ra nǹkan, a ó ní ó ná owó. Bí ẹni náà bá dúró níwájú ìsọ̀ tí ó ń bá ọlọ́jà fa ọ̀rọ̀ lórí iye tí òun yóò san, a ó ní ó ń ná ọjà. Ìnáwó àti ìnájà, inú ìkòkò kan náà ni a ti bù wọ́n. Mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé èwo ló yẹ kí ó ṣáájú nínú méjèèjì. Wọ́n a rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n rò pé eré ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ tọkọtaya kan tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìbéèrè yìí fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, tí iyàn náà kò sì tíì tán.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni àwọn méjèèjì. Bàbá ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì. Màmá ní tirẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá fẹ̀yìntì ní ọdún 2009 nígbà tí ó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, Màmá sì tẹ̀ lé e ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín. Àgbà tó gbà kí n sọ ohun tí ojú mi rí kò sọ pé kí n máa gbé orúkọ òun kiri. Ìdànrè ni wọ́n kọ́lé sí, ní ìhà Òdòdè, níbi tí àpáta ti ń wo ènìyàn láti ẹ̀yìnkùlé. Àkúrẹ́ tí mò ń gbé kò jìnnà sí wọn, nítorí náà mo máa ń yà kí wọn.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìbẹ̀wò mi bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Mo ní ó bọ́ sí i, nítorí ọjọ́ ọjà ìbílẹ̀ kò mọ Sátidé yàtọ̀ sí Túsìdé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí pé àwọn baba wa máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń kà: ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìtadógún a sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni irú ọjọ́ ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe ń la inú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kọjá, bí ẹni ń gba ìta ilé onílé kọjá láìkan ilẹ̀kùn.

Òkè ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá wò ní Ìdànrè. Wọ́n á ka àtẹ̀gùn 660 tó lọ sí ìlú àtijọ́ lórí àpáta, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì sọ fún wa pé láti ọdún 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àwọn tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn wà nísàlẹ̀, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ wo ohun tó wà lórí àtẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kókò, ẹ̀gẹ́, iṣu titun, ata rodo, ilá, ẹ̀fọ́ lóríṣìíríṣìí, àti ìgbín nínú garawa tí a fi ewé bò lórí. Ẹni tí kò mọ Ìdànrè lè béèrè ìdí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú tí a mọ̀ mọ́ kòkó. Inú oko kòkó fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò lè dá dúró sínú oòrùn. Ó ń fẹ́ ìbòji ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni àgbẹ̀ ń gbìn láàárín rẹ̀ kí ó lè ṣíji bò ó. Yóò gbin kókò sísàlẹ̀, kí ewé rẹ̀ tó fẹ̀ lè bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdílé àgbẹ̀ yóò máa jẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò náà, wọn yóò sì máa tà nínú rẹ̀, títí kòkó yóò fi so. Nígbà tí kòkó bá dàgbà tí orí wọn bá pàdé, oòrùn kò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́, ayé ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì parí níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ̀ gan-an ní ọjà irú ìlú bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí oko kòkó titun wà nítòsí. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí àmì ohùn. Kòkó ni èyí tí à ń tà sí òkè òkun, kókò ni èyí tí à ń sè jẹ, kókó sì ni èyí tó máa ń ta sára igi. Ọmọ tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi àmì sí wọn lè gbé oko bàbá rẹ̀ ka iná.)

Bàbá kì í ná ọjà. Iye tí olóko bá pè ni yóò san, bí kò bá sì ní in, yóò dúpẹ́, yóò kọjá. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni. Nígbà tí ó wà ní kékeré, iye kòkó kò sí lẹ́nu bàbá rẹ̀, kò sì sí lẹ́nu ẹni tó wá rà á. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún títa kòkó ní ọdún 1947, èyí tí a wá pín fún àwọn ẹkùn ní ọdún 1954, ni ó máa ń kéde iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, ó parí. Iye tí àjọ náà ń tà á lókè òkun sábà máa ń ju èyí tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ lọ, ìjọba a sì fi ohun tó ṣẹ́ kù ṣe iṣẹ́ ìlú. Bàbá kò sẹ́ pé owó náà ṣe iṣẹ́ rere. Òun alára wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ nígbà tí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955, ó sì máa ń sọ pé òógùn àwọn bíi bàbá òun ni wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi kọ́ òun. Síbẹ̀ kò gbàgbé bàbá rẹ̀ tó dúró ti òṣùwọ̀n, tó ká fìlà sọ́wọ́, tí wọ́n ń wọn kòkó rẹ̀, tí wọ́n ń pe iye, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

“N kò gbọ́ kí bàbá mi dá iye lé ohun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn rí,” ni ó sọ fún mi nígbà kan. “Bí olóko bá wá rí ààyè dárúkọ iye lónìí, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi já a lẹ́nu?”

Ilé mìíràn ni Màmá ti jáde wá. Alájàpá ni ìyá tó bí i. Láti kékeré ni ó ti ń gbé igbá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ àwọn ọjà oko, tí wọ́n ń ra gààrí àti ẹ̀wà tí wọ́n ń gbé e lọ tà níbi tí ó ti wọ́n. Ohun tí ó bá bọ̀ láti ìdí igbá ìyá rẹ̀ ni pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe iye. Ìkíni ni. “Bí ènìyàn bá kí ọ, ṣé o kì í jẹ́ ẹ ni?” ni ó máa ń wí. Ọlọ́jà tó pe ₦8,000 mọ̀ pé òun kò ní gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ ni, kí o lè wọlé. Mo ti tẹ̀ lé Màmá rí nígbà tí ó ń ra ata. Yóò kọ́kọ́ kí ọlọ́jà pé ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá. Yóò béèrè ọmọ. Yóò fọwọ́ ro ata náà wò, yóò wá dárúkọ iye tirẹ̀, èyí tí kò kéré débi ẹ̀gàn. Yóò yísẹ̀ padà bí ẹni ń lọ, yóò sì rìn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rí i pè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, yóò ní kí wọ́n ṣe ènì sí i, ọlọ́jà yóò sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àwọn méjèèjì a sì máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń pínyà.

Bàbá ń pe èyí ní eré orí ìtàgé. Màmá ń pe tirẹ̀ ní ìgbéraga. Nítorí náà wọ́n ti pín iṣẹ́ fún ara wọn tipẹ́: Màmá ni yóò ná an, Bàbá ni yóò gbé e.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, orúnkún Màmá kò jẹ́ kí ó rìn dé òpin ọjà níbi tí àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wà. Ó jókòó ti obìnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́, ó ka owó lé Bàbá lọ́wọ́, ó sì ní kí èmi bá wọn lọ. Ó wò mí lójú díẹ̀ kí ó tó yí ojú padà. Mo mọ ohun tí wíwò náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹnu ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ sọ̀rọ̀ níwájú àtẹ?

Obìnrin tí a bá níbẹ̀ kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó pọn ọmọ. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀, ó to kókò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bàbá fọwọ́ kan ìdì tó tóbi jù. Obìnrin náà ní ₦8,000 ni. Bàbá ka ₦8,000, ó nà án sí i.

Ẹ̀rù ba obìnrin náà. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò. Kò tètè na ọwọ́ gba owó. Ó wo owó, ó wo Bàbá, ó wo èmi, ó ní, “Bàbá, ẹ ò ní ná an ni?” Bàbá ní kò sí wàhálà, pé ó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó wá gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà: kókò mẹ́rin, ata nínú ewé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi mẹ́ta tí ó gé láti ara ìdì mìíràn. Bàbá ní kí ó dá wọn padà. Ó kọ̀. Bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ tí ó ń dìde, orí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Bàbá sì na ọwọ́, ó bá a tún un ṣe.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni tó dàgbà kò gbọdọ̀ wà níbi kan kí nǹkan bàjẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i ní ojúkojú: ọjà gidi, àgbà gidi, ọmọ tí orí rẹ̀ wọ́ ní tòótọ́. Ìyá ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Màmá ti rí wa láti òkèèrè. Orúnkún tí kò lè rìn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn gbé e dé ọ̀dọ̀ wa kíá. Ó béèrè iye tí a rà á. Bàbá sọ ọ́. Màmá kò pariwo o. Ohùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó fi sọ̀rọ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ.

“Bàbá, ₦8,000 lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan. Epo ńkọ́? Ẹja ńkọ́?”

Bàbá fi àṣà àwọn baba wa dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ yín ni yóò ti gbọ́ ọ rí. Láyé owó ẹyọ, bí olóko bá fẹ́ ta iṣu tàbí èso, tí kò sì ráyè jókòó tì í, yóò pàtẹ rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi sọ iye tí òun fẹ́ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò fi owó ẹyọ tó ṣe déédéé rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé ohun tó rà, yóò máa lọ. Olóko yóò padà wá bá owó rẹ̀ nílẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó ń bá òkúta ná an,” ni Bàbá wí. “Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o kọjá lọ. Ìwà ọmọlúàbí wà níbẹ̀ ju gbogbo fà-á-síhìn-ín-fà-á-sọ́hùn-ún yìí lọ.”

“Ìdí tí wọn kò fi ná an ni pé olóko kò sí níbẹ̀,” ni Màmá fèsì. “Òkúta kò létí. Èyí létí, ó lẹ́nu, ó pọn ọmọ, ẹ wá ṣe é bí òkúta.”

Bàbá dákẹ́. Mo ti ka ìwé díẹ̀ lórí ọjà Yorùbá nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sì ti kọ àròkọ lórí rẹ̀ fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ti rí ẹni tó fi gbólóhùn tó kéré bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ tán.

Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà, tí ó ti ń wò wá láti ìgbà náà wá, rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Ìdànrè, kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá. Láti Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, kòkó kì í ṣe tiwọn. Ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú oko titun fún onílẹ̀, àdéhùn wọn sì ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tó wà láàárín rẹ̀ jẹ́ tiwọn títí kòkó yóò fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ló kù. Ó ní bí Bàbá ṣe sanwó láìfọhùn, àyà òun já. Òun rò pé bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gbówó lórí ní Àkúrẹ́, kí Bàbá mọ̀, kí òun má mọ̀, kí ó jẹ́ pé òun ti ta ọjà lọ́pọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òun rò pé owó náà kò mọ́. Ìdí nìyí tí òun fi kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Inú oko la ti ń bọ̀, Màmá,” ni ó wí. “Ẹni tó bá ná an ló ń jẹ́ kí n mọ bí ọjà ṣe rí.”

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sílé. Èmi ti máa ń rò pé olùrà nìkan ni ìnájà ń ṣe láǹfààní, pé olóko kàn ń fara dà á ni. N kò rò ó dé ibẹ̀ pé ìnájà ni ìròyìn tó ń dé etí ẹni tó wá láti oko. Bí olùrà mẹ́wàá bá kọ ₦8,000 tí wọ́n sì ń sọ ₦5,000, olóko mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ lónìí. Bí ẹnì kìíní bá sọ ₦7,000 láìyísẹ̀ padà, ó mọ̀ pé ó wọ́n. Iye tí wọ́n bá wá fẹnu kò sí, àwọn méjèèjì ni ó ti ọwọ́ wọn wá.

Ẹ fi í wé kòkó tó ń dàgbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà yẹn. Ní ọdún 1986 ni ìjọba tú àjọ kòkó ká, láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bàbá ní òun tilẹ̀ yọ̀ nígbà náà, pé bàbá òun yóò wá lè sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ó rí i pé iye náà kàn ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíràn ni. Ọjà London àti New York ni ó ti ń wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé ìkórè kò dára ní Ghana àti Côte d’Ivoire, níbi tí ojú ọjọ́ àti àrùn ti ba oko jẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó kọjá dọ́là 12,000. Nígbà tí ọdún 2025 fi ń parí lọ, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Bí ó ti ń gòkè àti bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè tí wọ́n bi léèrè pé èló ni yóò gbà.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan há àárín níhìn-ín nítorí iṣẹ́ mi. Màmá kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán! Obìnrin náà gbà, inú rẹ̀ sì dùn. Màmá mọ̀ọ́mọ̀ fi ònkà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀: ó sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, obìnrin náà ní kò gbà, ó sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí ẹgbàáta. Mo bi obìnrin náà pé níbo ni ó ti kọ́ ọ. Ó ní ọwọ́ àwọn ìyá àgbà tí wọ́n jọ ń pàtẹ ni. Ọmọ Bẹ́núè ni o! Nínú kíláàsì mi, tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ‘six thousand’ ni wọ́n ń pe ẹgbàáta, bí mo bá sì ní kí wọ́n pè é ní Yorùbá, wọn a wo òkè àjà. Bẹ́ẹ̀ ònkà náà kò le fún ẹni tó bá mọ ibi tó ti wá. Owó ẹyọ ni wọ́n fi kà á: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, nítorí pé inú ọ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n ń kó o sí. Ẹgbàá mẹ́ta ni ẹgbàáta. Ẹ yọ ẹgbẹ̀rún kan kúrò nínú rẹ̀, ẹ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta. Láti orí àtẹ ni ìṣirò ti bọ́ sínú ìwé wa.

₦2,000 tó wá yọ sí i yìí tún di ẹjọ́. Obìnrin náà fẹ́ dá a padà. Bàbá ní òun kò ní gba owó tí òun ti san. Màmá ní àánú kọ́ ni wọ́n wá rà lọ́jà. Níkẹyìn obìnrin náà mú ìdì kékeré kan nínú mẹ́fà náà, ó ní kí ó dúró fún ₦2,000, ẹnu wọn sì kò sí i. Bàbá wá ní ìdì méjì láti gbé dípò ọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ₦2,000 yìí kéré. Owó ìfẹ̀yìntì Bàbá jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti díẹ̀ lóṣù. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kò tíì di ₦18,000. Ọdún 2011 ni ó dà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019 ó di ₦30,000, ní oṣù Keje ọdún 2024 ó di ₦70,000. Ìwé Òfin ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 210, sọ pé kí a máa tún owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkigbà tí a bá tún owó oṣù yẹ̀ wò, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Màmá mọ ẹsẹ̀ náà sórí bí Orin Dáfídì, ṣùgbọ́n kò tíì rí ọlọ́jà tó ń gba ẹsẹ̀ òfin dípò owó. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ tó ń ṣètò ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tí ènìyàn fi ₦10,000 rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó lé ní ₦14,000 láàárín ọdún kan. Èmi alára ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Òfin ọdún 2022 tó sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kàn sún ọjọ́ náà síwájú ni, kò sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ọ̀pọ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa padà, Bàbá gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé itan, ó ń ro nǹkan. Ó wá ní, “Kò sẹ́ni tó bá mi ná owó ìfẹ̀yìntì mi náà. Wọ́n kàn kọ ọ́ síwèé ni.” Màmá kò fún un lésì, ó kàn bá a gbé ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ kí oje rẹ̀ má bàa ta á.

Bí wọ́n bá bi mí, ẹ̀yìn Màmá ni mo wà. Mo sì mọ irú ìnájà tí Bàbá ń sá fún, nítorí ó wà. Mo ti rí àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá láti ìlú ńlá, tí wọn kò ní ná ohunkóhun láàárọ̀. Wọn a dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojò bá ṣú, tí ìyá arúgbó bá ń ro bí òun yóò ṣe gbé ẹrù padà sí oko, wọn a wá sọ iye tí kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní lè kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìnájà kò mọ ‘ná’. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ó ti rí nídìí òṣùwọ̀n kòkó láyé bàbá Bàbá.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Màmá pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó tètè sọ ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá ti dá lọ sí ọjà, ó lọ bá obìnrin náà, ó béèrè àlàáfíà ọmọ, ó sì mú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Obìnrin náà pe ₦7,500. Bàbá dúró pẹ́ díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní ₦7,400 ni òun yóò san.